Bí osùn ṣe ràn mọ́ ojú gìtá mi, àti bí mo ṣe pọ́líṣì rẹ̀ parí

Gìtá náà ti pé lára kí n tó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí. Igi ọ̀gànwó ni ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀. Igi spruce tí mo rà láti òkè òkun ni ojú rẹ̀, ó funfun bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Pátákó tí ìka máa ń tẹ̀ àti afárá tí okùn máa so mọ́, igi apá ni mo fi ṣe wọ́n, nítorí apá le, kì í tètè jẹ. Ìgbátí tó yí etí rẹ̀ ká àti òrùka tó yí ihò ohùn ká, igi osùn ni. Pupa osùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ojú gìtá wù mí débi pé n kò bi ara mi léèrè ohunkóhun mìíràn. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń ṣe é fún. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ta gìtá ní ìlànà àwọn onígìtá ẹlẹ́mu àtijọ́, àwọn tó máa ń ta gìtá níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, ó sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi kí ó tó padà sílé ìwé ní Oṣù Kìíní. Gìtá tí kò lo iná ni. Kò sí ẹ̀rọ tó máa bá a gbé ohùn sókè, igi nìkan ló máa sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí mo bá fi pa igi náà lára, inú ohùn ló máa bọ́ sí.

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, lákà ni wọ́n máa ń fọ́n. Sanding sealer, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú igi, lẹ́ẹ̀mejì, lákà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àga ti ń dán kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò sọ pé lákà kò dára. Láti àwọn ọdún 1920 ni lákà nitrocellulose ti wà, ara mọ́tò ni wọ́n ti lò ó rẹpẹtẹ, ó sì wà lára ọ̀pọ̀ gìtá tó lórúkọ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́n, ó ń fẹ́ yàrá tí kò ní eruku, òórùn rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, iná sì ń tètè ràn mọ́ ọn. Èmi kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Polyurethane, irú fáníìṣì kan tó dà bí ike, ní tirẹ̀ le, omi kì í ràn án, ṣùgbọ́n bó bá ti nípọn lójú gìtá, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi aṣọ òtútù bo ìlù kí ó tó lù ú.

Ṣẹ́láàkì ni mo mú. Oje ni, kòkòrò kékeré kan tó ń gbé lára ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Thailand ló ń sun ún jáde. Wọ́n á ha á, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù dúdú tó máa ń fọ́ bí abọ́, tí àwọn Túndé King fi gbé orin jùjú jáde ní àwọn ọdún 1930, ṣẹ́láàkì ló di èròjà wọn papọ̀. Inú mi dùn sí i pé ohun tó gbé ohùn gìtá jùjú àkọ́kọ́ dé etí àwọn ènìyàn ni mo fẹ́ fi pa ara gìtá yìí.

Ìdí tó ṣe pàtàkì jù ni pé a lè mú kí ṣẹ́láàkì fẹ́lẹ́ gan-an, ọwọ́ la sì fi ń pa á. Ìpele tuntun máa ń yọ́ wọnú ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n á di ọ̀kan. Bí ó bá ha lọ́la, mo lè tún ojú ibẹ̀ ṣe láìfọwọ́ kan ìyókù.

Mo ń rántí Antonio de Torres, ará Spain tó fún gìtá kílásíkà ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní ọdún 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ojú rẹ̀ nìkan ló fi igi gidi ṣe, kí ó lè fi han àwọn ènìyàn pé ojú ni ohùn ti ń jáde. Gìtá náà ṣì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ohun èlò orin ní Barcelona. Èyí ni mo fi pinnu bí mo ṣe máa pín iṣẹ́ mi: ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ lè gba pọ́líṣì dáadáa, ṣùgbọ́n ojú kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìwọ̀nba tó máa dáàbò bò ó lọ.

Ọjọ́ 22, Oṣù Kọkànlá

Mo fi sáńdípépà 120 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni ojú rẹ̀ ṣe kúnná tó), mo bọ́ sí 180, mo bọ́ sí 220, mo fi 320 parí. Mo ń tẹ̀lé ìlà igi ní gbogbo ìgbà, nítorí ibi tí sáńdípépà bá ti gba ìdábùú kọjá, pọ́líṣì á tú u fó. Lẹ́yìn náà mo fi aṣọ ọ̀rinrin nu gbogbo ara rẹ̀ kí irun igi lè dìde, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún fi 320 gé wọn kúrò.

Omi yìí náà ló ń fi gọ́ọ̀mù hàn. Igi tó mọ́ á ṣókùnkùn bí omi bá kàn án. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá wà kò ní yí padà. Mo dá iná tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá kí ìmọ́lẹ̀ lè máa fà lọ lójú rẹ̀, mo sì rí ibi mẹ́ta níbi tí ọrùn ti pàdé ara. Mo ti rò pé mo nù ún tán lọ́jọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́. Mo fi bíléèdì ha wọ́n kúrò. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ ni, wọ́n á dúró bí àbàwọ́n lábẹ́ pọ́líṣì títí ayé.

Mo fi téèpù bo ibi tí afárá máa jókòó sí. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ kan igi lójúkojú; bí pọ́líṣì bá wà láàárín wọn, lọ́jọ́ kan okùn á fa afárá tu. Mo gé téèpù náà kí ó fi nǹkan bíi mìlímítà 2 kéré sí ìdí afárá yíká, kí etí pọ́líṣì lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo bo pátákó ìka pẹ̀lú. Ṣẹ́láàkì kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀, ìka àti okùn á ha á jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òróró díẹ̀ ló máa gbà nígbẹ̀yìn.

Ọjọ́ 24

Pípo ṣẹ́láàkì. Gíráàmù 60 nínú mìlílítà 250 sípíríìtì fún èyí tó ki, gíráàmù 30 nínú mìlílítà 250 fún èyí tó ṣàn. Mo lọ ọ́ kúnná nínú odó kékeré kí ó lè tètè yọ́, mo sì ń mi ìgò náà ní wákàtí wákàtí. Èyí tí wọ́n ti yọ ìda inú rẹ̀ kúrò ni mo lò. Èyí tó ṣì ní ìda kì í mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ lórí igi funfun.

Ọ̀rọ̀ sípíríìtì yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kéékèèké fún ojú ọgbẹ́ máa ń ní omi nínú. Ògógóró náà bẹ́ẹ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Omi inú sípíríìtì ló ń jẹ́ kí pọ́líṣì funfun bí ìkùukùu, kì í sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo lọ ra ethanol tó mọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé ìwé. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n lítà kan tó mi fún iṣẹ́ yìí, ó tún ṣẹ́kù.

Ṣẹ́láàkì àkọ́kọ́ tí mo rà kò ṣeé lò. Mo kán an sórí gíláàsì, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oyin. Ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ṣẹ́láàkì tó ti darúgbó kì í le mọ́, bí ènìyàn bá sì ti fi pa igi, fífọ ló kù. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ kán díẹ̀ sórí gíláàsì. Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì le láàárín wákàtí díẹ̀, èékánná kò sì ràn án.

Ọjọ́ 27

Ọjọ́ tí mo ba ojú gìtá jẹ́.

Ojú ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ṣẹ́láàkì, kí eruku pupa ọ̀gànwó má bàa wọ inú igi funfun. Mo mọ ìyẹn. Mo dì aṣọ mi: òwú àti aṣọ onírun nínú, aṣọ funfun àtijọ́ tó ti rọ̀ lóde, mo so ó lókè. Àwọn ará Spain ń pe ìdì aṣọ yìí ní muñeca, ọmọláńgidi. Orúkọ yẹn bá a mu, nítorí ó rí bí ọmọ kékeré tí wọ́n wé, nítorí náà ọmọláńgidi ni èmi náà ń pè é. Mo rọ ṣẹ́láàkì tó ṣàn sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà kí ó má rin jù, mo sì fà á láti etí ọ̀tún dé etí òsì.

Bí ó ṣe kọjá lórí òrùka ihò ohùn, ìlà pupa méjì tẹ̀lé e jáde. Mo rò pé òjìji ni. Mo tún fà á. Ìlà náà fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fi máa gbé ọwọ́ kúrò, osùn ti ta sójú igi funfun ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, láti ẹ̀gbẹ́ òrùka dé ibi tí afárá máa wà, ó rí bí ìgbà tí ọwọ́ ìyàwó tuntun kan ara ògiri.

Mo jókòó. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ tí mo fi omi nu gìtá náà, osùn kò yọ rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ àwọ̀ osùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi kúnná: ẹ̀tù igi gan-an ló ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ tuntun àti ara ìyàwó, kì í ṣe pé àwọ̀ yọ́ sínú omi. Sípíríìtì yàtọ̀. Ó ń fa àwọ̀ yẹn jáde bí omi gbígbóná ṣe ń fa àwọ̀ ewé tíì. Gbogbo ìgbà tí ọmọláńgidi mi bá sì kọjá lórí osùn, sípíríìtì ló kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ 28

Bàbá onípọ́líṣì kan wà ní òpópónà kejì sí wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí lákà tó gbòde ló ti ń fi ṣẹ́láàkì àti sípíríìtì pa àga pálọ̀ àti tábìlì ilé ìjọsìn. Mo fi aṣọ wé gìtá náà, mo gbé e lọ bá wọn.

Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n fi ìka tọ́ ìlà pupa náà.

“Ta ló ní kí o fi osùn síbẹ̀?”

“Èmi ni, Bàbá. Ó wù mí ni.”

“Ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ọtí ni osùn ń bá ṣọ̀rẹ́. Ṣé o kọ́kọ́ dí i lẹ́nu?”

“Rárá, sà.”

“Lọ dí i lẹ́nu. Èyí tó ki ni kí o lò, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kí o fi gbé e sí i, má ṣe padà sójú ibi tó o ti gbà kọjá. Bó o bá ti padà síbẹ̀, o ti jí i nìyẹn.”

Mo bi wọ́n nípa èyí tó ti ta sójú igi. Wọ́n ní kí n má fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, pé ńṣe ló máa rì wọlé sí i. Kí n ha á. Kí n sì ṣe sùúrù, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó jẹun kí n tó máa lọ. Mo jẹun.

Ọjọ́ 29 àti 30

Ojú gìtá náà kò ju mìlímítà 2.8 lọ ní àárín, nítorí náà n kò ní àyè láti ha á bí mo ṣe fẹ́. Mo mú bíléèdì tuntun, mo gbé e dúró ṣánṣán, mo ń fà á lọ́nà kan ṣoṣo, ohun tó ń jáde fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Osùn náà kò rì jìnnà; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè igi nìkan ló wà. Ọ̀sán méjì ni mo fi ṣe é. Ibì kan ṣì kù lẹ́bàá òrùka tó pọ́n díẹ̀ bí ènìyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo fi sílẹ̀. Mo yàn kí ojú náà nípọn bó ṣe yẹ ju kí ó mọ́ tónítóní kí ó sì di bébà lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn náà mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya àwòrán, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ṣẹ́láàkì tó ki kun osùn nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò padà. Mo dúró wákàtí kan, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo fi aṣọ funfun tí sípíríìtì kán sí díẹ̀ kan ibì kan lára ìgbátí. Aṣọ náà jáde ní funfun.

Láti ìgbà náà, òfin mi ni pé ọmọláńgidi tó bá máa kan ojú gìtá gbọ́dọ̀ ti ibi funfun lọ sí ibi pupa, kò gbọ́dọ̀ ti ibi pupa bọ̀ sí ibi funfun. Bó bá ti kan osùn, mo pààrọ̀ aṣọ ìta rẹ̀. Mo lo aṣọ púpọ̀. Kò dùn mí.

Oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gànwó ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Bí a kò bá dí wọn, pọ́líṣì á máa rì sínú wọn lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ kò sì ní tẹ́jú láé. Àwọn kan ń lo ohun ìdíhò tí wọ́n pò sínú agolo. Èmi lo ẹ̀tù òkúta pọ́mìsì, òkúta fúyẹ́ tó ń ti inú òkè oníná wá, tí wọ́n lọ̀ tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́.

Mo fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà ju gbogbo ìyókù lọ. Mo fọ́n ẹ̀tù náà díẹ̀ sórí igi, mo kán sípíríìtì sí ọmọláńgidi, mo sì ń yí i lọ́nà òbìrí, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀tù náà ń bó igi wẹ́wẹ́, eruku igi náà ń dàpọ̀ mọ́ ṣẹ́láàkì díẹ̀ tó wà lójú rẹ̀, àdàpọ̀ yẹn ló sì ń wọ inú ihò lọ dí i. Igi ló fi ara rẹ̀ dí ara rẹ̀, nítorí náà àwọ̀ ibẹ̀ kì í yàtọ̀. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù tí ṣẹ́láàkì kò tó, ihò á máa hàn ní funfun. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, mo fi ṣẹ́láàkì rin ín, ó padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ mi ro mí títí dé èjìká. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dí ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn. Spruce kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, n kò fi pọ́mìsì kàn án.

Ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 17

Pípa pọ́líṣì gan-an. Ṣẹ́láàkì díẹ̀ nínú ọmọláńgidi, sípíríìtì díẹ̀, ẹ̀kán òróró ólífì kan ní ìdí rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀. Òbìrí kéékèèké kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òbìrí ńlá, lẹ́yìn náà ọwọ́ á máa kọ 8 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbẹ̀yìn sì ni fífà gbọọrọ ní ìlà igi. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti máa rìn kí ó tó kan igi, kí ó sì ṣì máa rìn nígbà tó bá kúrò níbẹ̀. Bí ó bá dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kan, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ 10. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo yíjú, ó tó. Ojú aṣọ náà yọ sára ìgbáròkó gìtá bí òǹtẹ̀. Ohun tí ọkàn mi sọ ni pé kí n tètè fi ọmọláńgidi lọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ ọgbẹ́ kékeré di ńlá, nítorí abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko títí ó fi le, mo fi sáńdípépà 600 tó ní òróró díẹ̀ tẹ́ ẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lákọ̀tun. Fóònù kì í bá mi wọ yàrá yẹn mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11, ìkùukùu wà níta. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sọ pé 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yẹ kí n dúró. Mo ní kí n ṣe díẹ̀ kí iná tó lọ, ẹ̀yìn gìtá sì funfun lójú mi bí ìgbà tí ènìyàn mí èémí sí dígí. Sípíríìtì tó ń fò lọ ló mú kí ojú pọ́líṣì tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì há sábẹ́ rẹ̀. Mo dúró di aago méjì ọ̀sán, oòrùn ti mú, ẹ̀rọ náà ti bọ́ sí 51. Mo fi ọmọláńgidi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tí sípíríìtì nìkan wà nínú rẹ̀, gbá a fẹ́rẹ́. Funfun náà lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò ṣiṣẹ́ ṣáájú ọ̀sán mọ́, n kò sì ṣe é bí ẹ̀rọ náà bá kọjá 60.

Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gba ìjókòó mẹ́wàá, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo jókòó tì wọ́n pa pọ́líṣì. Ojú gba mẹ́fà péré, ìwọ̀nba díẹ̀ díẹ̀ sì ni. Lẹ́yìn ìkẹfà, mo fi ìka gbá a lẹ́bàá ihò ohùn, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún pẹ́ bó ṣe ń dún nígbà tó wà ní igi lásán. Mo ní kí ó tó.

Ọrùn kò ju mẹ́rin lọ. Ọwọ́ tó ń gun òkè sọ̀kalẹ̀ lára ọrùn kò fẹ́ dídán tó ń lẹ̀, ó fẹ́ ibi tó ń yọ̀.

Ọyẹ́ dé

Ọyẹ́ dé ní ọjọ́ 19, lójijì bó ṣe máa ń ṣe. Ètè mi ya, ẹ̀rọ náà sì bọ́ sí 31. Inú pọ́líṣì dùn sí i, ó ń gbẹ bí ẹni pé wọ́n ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù igi ń bà mí. Ojú spruce lè sún kì kó sì ya ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, pọ́líṣì tó fẹ́lẹ́ kò sì ní dá a dúró. Mo gbé gìtá náà sínú àpótí rẹ̀, mo fi fóòmù ọ̀rinrin sínú àwo ọṣẹ tí mo lu ihò sí lára, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ níbi tí kò ti lè kan igi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, inú àpótí ti wà ní 46. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i wò.

Ṣẹ́láàkì máa ń sún kì fúnra rẹ̀ láàárín àkókò yìí, ihò díẹ̀ sì tún ń yọjú. Wọ́n yọjú lẹ́yìn gìtá, n kò sì bínú.

Ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 6, Oṣù Kìíní

Mo fi sáńdípépà 1000 àti 2000 pẹ̀lú òróró díẹ̀ tẹ́ ojú pọ́líṣì, mo ń ṣọ́ etí gidigidi, nítorí ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Mo tún pa ìjókòó méjì lé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, mo fi sípíríìtì yọ òróró kúrò: ọmọláńgidi tuntun, sípíríìtì tó kéré débi pé bí mo bá fi kan ètè mi, tútù rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Mo fà á gbọọrọ, ní ìlà igi, láìtẹ̀ ẹ́. Ìlà òróró tó ti bò ó lójú láti ọjọ́ yìí wá ń parẹ́, dídán rẹ̀ sì jáde lábẹ́ wọn. Òrùlé yàrá mi hàn nínú ẹ̀yìn gìtá náà, mo lè ka àwọn ìṣó.

Ọjọ́ 9

Mo yọ téèpù. Mo ti bíléèdì lọ yí etí rẹ̀ ká kí ó má bàa fa pọ́líṣì ya. Mo ha igi abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo gbé afárá apá jókòó, mo ti ìdè irin gba ihò ohùn wọlé láti fún un mọ́lẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Pátákó ìka gba òróró rẹ̀, apá náà pọ́n dòdò.

Ọjọ́ 11

Okùn mẹ́fà ti wà lórí rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ohùn òkè rẹ̀ kò tíì tú tán. Gìtá tuntun máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó yọ. Mo gbé e padà lọ fún Bàbá onípọ́líṣì. Wọ́n kọ́kọ́ wo ìgbátí osùn, wọ́n fi èékánná tọ́ ọ, wọ́n wá yí i wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí wọ́n lè rí ibi tó pọ́n lẹ́bàá òrùka. Wọ́n rí i. Wọ́n ní kí n má tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún un pé ọwọ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sanitáísà pa kò gbọ́dọ̀ kan gìtá náà kí ó tó gbẹ, nítorí ọtí wà nínú rẹ̀, ó sì máa yọ́ pọ́líṣì. Òógùn pẹ̀lú: kí ó fi aṣọ tó rọ̀ nu ibi tí apá rẹ̀ bá ti fara ti etí ojú rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá ta á tán. Kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́,” ó sì ti ń wá orin kan lórí okùn kẹta kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ṣẹ́láàkì tó ṣẹ́kù kò tó ìdajì ìgò. Mo kọ ọjọ́ tí mo pò ó sára rẹ̀, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí oòrùn kò ti lè kàn án. Títí di Oṣù Karùn-ún ló ṣì máa ṣeé lò bí gìtá náà bá ha. Lẹ́yìn ìyẹn, màá dà á nù, màá sì po òmíràn.